Ọjọ́ Tí Síkírù Atukọ̀ Wa Mọ́tò Fún Wákàtí Méjìlá

Ẹ̀yin ọmọ mi, mo fi ewú orí mi búra, òótọ́ pọ́nbélé ni gbogbo ohun tí mo fẹ́ kọ sílẹ̀ yìí. Bí mo bá bu irọ́ mọ́ ọn, kí eyín mẹ́ta tó ṣẹ́kù lẹ́nu mi já bọ́ sínú ọbẹ̀ lójú àlejò.

Ní ọdún 2008, Síkírù Fáṣínà ti pé ẹni ọdún méjìdínlọ́gọ́ta. Ó ti lé ní ọgbọ̀n ọdún tó ti ń fi ọkọ̀ ẹlẹ́ńjìnnì gbé èrò láti Èbúté Ìkòròdú lọ sí Ẹ̀pẹ́. Ó mọ ibi tí ọ̀sà jìn, ó mọ ibi tí kò jìn, ó sì mọ ibi tí iyanrìn ti ń rìn kiri lábẹ́ omi bí ewúrẹ́ tó já okùn. Àmọ́ omi ní ohun tó máa ń ṣe fún ẹni tó bá pẹ́ lórí rẹ̀. Bí kùrukùru òwúrọ̀ bá bo ọ̀sà, tí ẹ́ńjìnnì ń kùn bí abiyamọ tó ń rẹ ọmọ, tí omi àti ọ̀run sì di àwọ̀ kan náà, ènìyàn kì í mọ ìgbà tí ojú òun pa dé.

Bẹ́ẹ̀ ló ṣe ṣẹlẹ̀ lọ́jọ́ kan, nígbà tí wọ́n kọjá Àgbòwà. Síkírù sùn. Oorun náà kò ju ìṣẹ́jú kan lọ. Ọkọ̀ rọra yà kúrò lọ́nà, ó wọ inú ọgbà ẹja tí àwọn apẹja fi igi kàn sójú omi, ó sì dúró síbẹ̀ jẹ́ẹ́. Èrò mẹ́rìnlá ló wà nínú ọkọ̀, kò sẹ́ni tó bọ́ sómi. Apẹ̀rẹ̀ ẹja gbígbẹ kan ṣoṣo ló dànù, tí ẹja sì padà sílé lẹ́yìn tí wọ́n ti yan án tán.

Mojúbàolú ni alága àwọn atukọ̀ ní Èbúté. Òun àti Síkírù jọ kọ́ṣẹ́ ni, ọ̀rẹ́ ni wọ́n. Síbẹ̀, òun náà ló na ọwọ́, tó gba kọ́kọ́rọ́ ṣéènì tí Síkírù fi ń de ẹ́ńjìnnì rẹ̀ mọ́lẹ̀.

"Oorun ti wọ̀ ọ́ lára," Mojúbàolú wí. "Lọ jókòó sílé, kí ìyàwó rẹ máa rójú rẹ."

"Ó ti rójú mi tó," Síkírù fèsì. "Ó ní ó ti sú òun."

Síkírù wà lórí ilẹ̀ fún oṣù méjì, ilẹ̀ kò sì gbà á. Ẹsẹ̀ rẹ̀ a máa wá ìgbì, kò ní rí. Bí ó bá jókòó sórí àga, á máa mì díẹ̀díẹ̀ sọ́tùn-ún sósì, títí àga á fi máa dún. Nígbà tó yá, ó bẹ̀rẹ̀ sí í lọ jókòó ní Ìgbògbò, ní ṣọ́ọ̀bù kọ̀ǹpútà Lateefat, àkọ́bí rẹ̀ obìnrin, níbi tí àwọn tó ń wá iṣẹ́ iléeṣẹ́ ti ń wá kọ ìwé ìwáṣẹ́.

Ibẹ̀ ló ti gbọ́ pé ṣọ́ọ̀bù kọ̀ǹpútà kan ní Ẹ̀pẹ́ fẹ́ ṣe eré ọkọ̀. Mọ́tò inú kọ̀ǹpútà ni, ẹni kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú kọ̀ǹpútà tirẹ̀, mẹ́jọ lápapọ̀, lójú ọ̀nà kan tó yípo bí ìlẹ̀kẹ̀ ọrùn. Láti aago mẹ́fà àárọ̀ títí di mẹ́fà ìrọ̀lẹ́ ni. Ẹni tó bá yípo jù ló borí. Wọ́n á máa dúró rọ epo, wọ́n á pààrọ̀ táyà, wọ́n á jẹun, wọ́n á kírun, wọ́n á tún gbéra.

Síkírù gbọ́ ọ tán. Ó dìde, ó wọ kẹ̀kẹ́ Márúwá, ó di Èbúté.

"Mojúbàolú," ó ní, "bí mo bá wa ọkọ̀ fún wákàtí méjìlá tí n kò sùn, tí n kò yà kúrò lójú ọ̀nà, ṣé wàá dá kọ́kọ́rọ́ mi padà?"

Mojúbàolú rẹ́rìn-ín títí fìlà fi bọ́ lórí rẹ̀. "Ìwọ tí o ò wa kẹ̀kẹ́ ológeere rí?"

"Ṣé wàá dá a padà?"

Alága wo ojú ọ̀rẹ́ rẹ̀, ẹ̀rín sì lọ. "Màá dá a padà. Èmi fúnra mi ni màá jókòó sẹ́yìn rẹ láti àárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́. Bí orí rẹ bá fi lè tẹ̀ báyìí, ó tán."

Báyìí ni ìkọ́ṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù Lateefat. Ẹ̀yin tí ẹ kò wakọ̀ ojú omi rí, ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé. Ẹ́ńjìnnì ẹ̀yìn ọkọ̀ kò ní sítíárìn. Ọwọ́ gígùn kan ló ní, bí o bá sì fẹ́ kí ọkọ̀ lọ sósì, ọ̀tún ni wàá ti ọwọ́ náà sí. Ọgbọ̀n ọdún gbáko ni apá Síkírù ti mọ èyí. Nítorí náà, lọ́jọ́ àkọ́kọ́ tó gbá sítíárìn kọ̀ǹpútà mú, gbogbo ìyànà ló ti wọ igbó.

"Bàbá," Lateefat wí, "òsì ni ọ̀nà yà sí. Kí ló dé tí ẹ ń yí i sọ́tùn-ún?"

"Òsì náà ni mò ń lọ."

"Mọ́tò ò mọ bẹ́ẹ̀."

"Kó lọ kọ́ ọ."

Mọ́tò kò kọ́ ọ, Síkírù ló kọ́ ọ. Ó mú ọmọrí ìkòkò, ó fi ṣe sítíárìn, ó ń wa ara rẹ̀ láti yàrá dé ẹ̀yìnkùlé. Bó bá dé ìyànà, á fi ẹnu fọn fèrè. Fàlílátù, ìyàwó rẹ̀, wò ó títí, ó ní bí ọkọ̀ náà bá ti ń gba ẹnu kànga kọjá, kó bá òun gbé korobá omi kan bọ̀.

Nígbà tí apá ti mọ ọ̀nà, ohun kan hàn tí Lateefat kò rò tẹ́lẹ̀. Bàbá rẹ̀ kì í tẹ bíréèkì. Ọkọ̀ ojú omi kò ní bíréèkì. Atukọ̀ ní láti rí èbúté kó tó dé èbúté, kó dín iná kù, kó jẹ́ kí omi gbé òun dé ibẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni Síkírù ṣe ń wa mọ́tò náà. Ìyànà ṣì wà lọ́ọ̀ọ́kán, ẹsẹ̀ rẹ̀ á ti kúrò lórí ibi tí wọ́n ń tẹ iná, ọkọ̀ á sì yọ́ wọlé bí ológbò. Kò yára, àmọ́ táyà rẹ̀ kì í tètè jẹ, epo rẹ̀ kì í sì í tètè tán. Lateefat fọwọ́ lẹ́rán. "Bàbá, ẹ̀ ń lúwẹ̀ẹ́ lórí ọ̀dà."

Ọjọ́ eré pé. Wọ́n dé Ẹ̀pẹ́ nírọ̀lẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú, wọ́n sùn síbẹ̀. Nígbà tó kù díẹ̀ kí aago mẹ́fà lù, Síkírù wọlé pẹ̀lú jákẹ́ẹ̀tì aláwọ̀ ọsàn tí àwọn èrò ọkọ̀ ojú omi ń wọ̀ kí wọ́n má baà rì. Ó de gbogbo okùn rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan.

Fábíyìí, awakọ̀ takisí kan ní Ẹ̀pẹ́, jókòó sídìí kọ̀ǹpútà tó tẹ̀ lé tirẹ̀. "Ẹ kú ìmúra o, Bàbá. Ṣé wọ́n ní omi máa kún ọ̀nà lónìí ni?"

"Ọ̀nà tí n kò bá mọ̀, mo máa ń múra fún un."

"Ẹ ó mọ̀ ọ́n láìpẹ́. Ẹ ṣáà máa wo iná ẹ̀yìn mọ́tò mi."

Fábíyìí sáré bí ẹni tí èrò ń pè. Kí wọ́n tó kírun àìlà, táyà rẹ̀ ti bẹ́ lẹ́ẹ̀mẹ́rin, ó ti kọlu ògiri lẹ́ẹ̀méjì, ó sì ti bú kọ̀ǹpútà náà tìyátìbaba. Síkírù ń lọ ní tirẹ̀. Mojúbàolú jókòó sẹ́yìn rẹ̀ lórí bẹ́ǹṣì, ó ń ṣọ́ ọrùn ọ̀rẹ́ rẹ̀ bí ẹni ń ṣọ́ àgbàdo lọ́wọ́ adìẹ. Lateefat wà lẹ́gbẹ̀ẹ́, ó ń bu omi tútù sí aṣọ ìnujú.

Wọ́n kírun alásàrí, wọ́n padà. Oòrùn gba ojú fèrèsé wọlé, ó tẹ́ ara rẹ̀ sílẹ̀ lórí símẹ́ńtì bí ẹní. Jẹnẹrétọ̀ ń kùn ní ẹ̀yìn ilé. Kò sẹ́ni tó ń sọ̀rọ̀ mọ́. Ó ti rẹ Fábíyìí pàápàá. Ọ̀nà inú kọ̀ǹpútà ń wá, ó ń lọ, igi kan náà, àfonífojì kan náà, títí ó fi dà bí pé ọkọ̀ dúró sójú kan tí ayé sì ń ṣàn kọjá lábẹ́ rẹ̀.

Síkírù wo òǹkà tó wà lókè. Igba ìyípo àti mẹ́sàn-án.

Lẹ́yìn náà, ọ̀dà bẹ̀rẹ̀ sí í dán. Ewéko ojú omi kan léfòó wá láti ìyànà, òmíràn tẹ̀ lé e. Lékeléke kan bà sórí ojú ọkọ̀, ó ká ẹsẹ̀ kan sókè. Kò ya Síkírù lẹ́nu rárá pé èrò ń wọlé sẹ́yìn rẹ̀, pẹ̀lú ẹrù wọn, pẹ̀lú ọ̀rọ̀ wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́ tí èrò òwúrọ̀ máa ń sọ. Ó kà wọ́n: mẹ́rìnlá. Ẹja gbígbẹ ń rùn dáadáa. Bàbá rẹ̀ tó ti kú láti ogún ọdún jókòó síwájú, ó ti ọwọ́ bọ omi, ó ń jẹ́ kí omi gba àárín ìka rẹ̀ kọjá, bó ṣe máa ń ṣe nígbà tó ń kọ́ ọ níṣẹ́. Ibi gbogbo funfun, ó sì dákẹ́. Síkírù kò rántí ìgbà tí inú òun dùn tó bẹ́ẹ̀ kẹ́yìn.

Bàbá rẹ̀ kò wẹ̀yìn. Ó kàn béèrè wọ́ọ́rọ́wọ́, bí ẹni ń béèrè ilé ẹnì kan: "Síkírù, ta ló ń wa ọkọ̀?"

Ojú Síkírù là. Ọwọ́ rẹ̀ ń yí sítíárìn, ẹsẹ̀ rẹ̀ ń ṣe iṣẹ́ rẹ̀, mọ́tò wà láàárín ọ̀nà gan-an. Ó wo òǹkà. Igba ìyípo àti mọ́kànlá.

Ó rọra wo ẹ̀yìn. Mojúbàolú ti fi àgbọ̀n ti àyà, ó ń hanrun.

Nígbà tí aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́ lù, ipò kẹrin ni Síkírù wà nínú mẹ́jọ. Kò yà kúrò lójú ọ̀nà lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Òun nìkan ló rí bẹ́ẹ̀ nínú gbogbo wọn. Fábíyìí wá dọ̀bálẹ̀ fún un, Mojúbàolú nu itọ́ ẹnu rẹ̀, ó sì fi kọ́kọ́rọ́ lé e lọ́wọ́ níwájú gbogbo èèyàn.

"O ṣe é," Alága wí, omi ń bọ́ lójú rẹ̀. "Mo ṣọ́ ọ títí, orí rẹ ò tẹ̀."

Síkírù dúpẹ́. Ó fi kọ́kọ́rọ́ sápò.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, wọ́n sọ̀ kalẹ̀ lọ sí èbúté Ẹ̀pẹ́ láti padà sílé. Mojúbàolú ti fi ọkọ̀ Síkírù gbé wọn wá, kí ẹni tó ni ín lè wà á padà. Kùrukùru bo omi. Síkírù ṣí ṣéènì, ó jókòó sídìí ẹ́ńjìnnì, ó gbá ọwọ́ rẹ̀ mú, ó sì tutù dáadáa ní àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀. Èrò bẹ̀rẹ̀ sí í wọlé. Ìyá kan gbé ọmọ ọwọ́ rẹ̀ lé e nítan kí òun lè ráyè gbé ẹrù sílẹ̀. Ọmọ náà ń sùn.

Síkírù wò ó pẹ́. Ó dá ọmọ padà fún ìyá rẹ̀, ó yọ kọ́kọ́rọ́ lápò, ó nà án sí Mojúbàolú.

"Gbà. Mo sùn lánàá."

"Ìwọ wo? Ta ló rí ọ?"

"Àwọn tí mo gbé."

 Mojúbàolú wo Lateefat, bóyá ó máa bá òun dá bàbá rẹ̀ lẹ́kun. Lateefat ń wo omi.

"Mo rí i, Bàbá," ó wí. "Ìyípo kan àtààbọ̀. Mo fẹ́ fọwọ́ kàn yín, ọwọ́ mi ò gbà."

"O ṣeun tí o kò fọwọ́ kàn mí," Síkírù wí. "Ó dùn púpọ̀." Ó dìde, ó gba àárín èrò kọjá, ó lọ jókòó síwájú ọkọ̀, ibi tí kò sí ẹ́ńjìnnì. Mojúbàolú ló wà wọ́n délé, Síkírù sì ń nawọ́ sọ́tùn-ún, sósì, ó ń fi ibi tí iyanrìn wà hàn án.

Iwájú ọkọ̀ náà ló ń jókòó sí láti ìgbà yẹn. Ẹlòmíràn ń wa ọkọ̀, òun ń ka omi. Ọkọ̀ rẹ̀ kò sì tún wọ ọgbà ẹja mọ́. Ọjọ́bọ̀ ni kì í lọ sí Èbúté. Lọ́jọ́ náà, á wà ní Ìgbògbò nídìí kọ̀ǹpútà, á fi ọkọ̀ sójú ọ̀nà tó yípo yẹn, á dín iná kù kí ìyànà tó dé, á sì jẹ́ kí ojú òun pa dé. Níbẹ̀, ẹni tó bá wù ú ló lè gbé. Kò sẹ́ni tó máa rì.

Bó ṣe rí gan-an nìyẹn, ẹ̀yin ọmọ mi, mi ò fi kún un, mi ò yọ nínú rẹ̀. Àfi jákẹ́ẹ̀tì aláwọ̀ ọsàn yẹn nìkan. Bùbá àti ṣòkòtò ni Síkírù wọ̀ lọ́jọ́ náà. Èmi ni mo wọ jákẹ́ẹ̀tì fún un, nítorí ó bá a mu.