Àárọ̀ Tí Diệp Dúró Sídìí Iná Pupa

Ẹ jẹ́ kí n sọ ti Diệp fún yín, ọmọbìnrin tó gba yàrá òkè ilé wa. Ọmọ Hanoi ni, ní Vietnam. Yunifásítì tiwọn àti yunifásítì ńlá tó wà nílùú wa níbí ní Jámánì ló jọ ń ṣe pàṣípààrọ̀ akẹ́kọ̀ọ́, ló bá wá fi ọdún kan kọ́ nípa ilẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni o, ilẹ̀. Ilẹ̀ tí à ń tẹ̀ yìí. Èmi náà rẹ́rìn-ín nígbà tó kọ́kọ́ sọ fún mi. Lọ́jọ́ tó dé gan-an, ó fi ṣíbí kó ilẹ̀ inú ọgbà mi, ó gbóòórùn rẹ̀, ó ní, "Wiebke, ebi ń pa ilẹ̀ yín." Mo ní kó jẹ́ ká kọ́kọ́ fún èèyàn lóúnjẹ ná.

Ọmọ náà kò tóbi. Tó bá gbé báàgì ìwé rẹ̀ kọ́ ẹ̀yìn, ẹ ó rò pé báàgì ló ń dá rìn lọ. Ṣùgbọ́n ẹ̀rù kì í bà á. Ó fi fídíò àdúgbò wọn hàn mí lórí fóònù: ọ̀kadà bí eṣú, lọ́tùn-ún, lósì, kò sí àlàfo tí èèyàn lè ki ìka bọ̀. Ìyá rẹ̀ wá ń rìn kọjá láàrin wọn, agbọ̀n ẹyin lọ́wọ́, wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, bí ẹni tó ń ti pálọ̀ lọ sí ilé ìdáná.

"O ò gbọdọ̀ dúró, o ò sì gbọdọ̀ sáré," ló wí. "Ṣáà máa rìn. Wọ́n á yà fún ọ."

"Bí wọn ò bá yà ńkọ́?"

"Wọ́n máa ń yà."

Ọ̀sẹ̀ kejì tó dé ọ̀dọ̀ wa, lọ́jọ́ Sunday, títì dá páropáro, iná pupa tó ní kí ẹlẹ́sẹ̀ dúró sì ń tàn. Diệp ṣáà rìn kọjá ní tiẹ̀. Àfi bó ṣe pàdé Ìyáàfin Tiedemann, ìyá àgbà tó ń gbé ìsàlẹ̀ ilé wa, tí ọ̀pá rẹ̀ máa ń dé ibi gbogbo ṣáájú rẹ̀.

"Ìwọ ọmọ yìí! Àwọn ọmọdé ń wò ọ́, wọ́n á fara wé ọ!"

Diệp wo ọ̀tún, ó wo òsì. "Ọmọdé dà, Màmá?"

"Ọmọdé lè wà lójú fèrèsé!"

Ọ̀rọ̀ yẹn wọ Diệp lára, ó wọ eegun. Láti ọjọ́ náà ló ti di ọmọ Jámánì ju àwa tí wọ́n bí síbí lọ. Tí mo bá fẹ́ gbé ẹsẹ̀ kan sílẹ̀ lójú títì, màá gbọ́ lẹ́yìn mi, "Wiebke, pupa ni o." Ó wá kọ́ Jonte ọmọ mi pẹ̀lú. Ẹ gbà mí o! Ọmọ tí mo gbé sínú fún oṣù mẹ́sàn-án, tí mo fún lọ́yàn, ọ̀rọ̀ tó kọ́kọ́ jáde lẹ́nu rẹ̀ kì í ṣe màmá. "Pupa!" ló sọ.

Ìdánwò dé. Ti ẹnu ni, Diệp á jókòó síwájú Ọ̀jọ̀gbọ́n Brockmeyer, á máa dáhùn ìbéèrè. Tuesday, aago mẹ́wàá àárọ̀. Tí kò bá ti ṣe é lọ́jọ́ náà, ó parí, nítorí ọ̀jọ̀gbọ́n ń wọ ọkọ̀ ojú irin lọ sí Sweden ní ọ̀sán ọjọ́ yẹn, oṣù mẹ́ta ni yóò sì lò. Láìsí máàkì yẹn, wọn ò ní ka ọdún yìí fún un ní Hanoi. Ó máa tún un ṣe láti ìbẹ̀rẹ̀ ni.

Èmi àti Jonte sìn ín lọ. Jonte wà nínú kẹ̀kẹ́ ọmọ rẹ̀, ó ń jẹ búrẹ́dì. A dé ìdí iná ní Lindenweg, aago mẹ́wàá ku ogún ìṣẹ́jú. Ẹnu ọ̀nà ilé ẹ̀kọ́ náà nìyẹn lódìkejì, mo lè ka ohun tí wọ́n kọ sí i. Iná pupa ni. A dúró.

A dúró, a dúró. Ìṣẹ́jú márùn-ún. Ìṣẹ́jú mẹ́jọ. Diệp tẹ bọ́tìnnì ara òpó iná, tó yẹ kó sọ pupa di àwọ̀ ewé, títí ìka fi fẹ́rẹ̀ẹ́ bó. Ọkọ̀ ẹyọ kan kò kọjá, nítorí wọ́n ti di títì náà lókè, wọ́n ń gbẹ́ ilẹ̀ páìpù.

"Diệp, iná yìí ti bàjẹ́," ni mo wí. "Kọjá lọ, jàre."

"Jonte ń wò mí."

Lóòótọ́, ọmọ náà tẹjú mọ́ ọn. "Pupa!" ló wí, ó na búrẹ́dì sí iná.

Ibẹ̀ ni Ìyáàfin Tiedemann ti dé pẹ̀lú àpò ọjà. Ó wo iná, ó dúró tì wá. Kò pẹ́, bàbá kan gun kẹ̀kẹ́ ológeere dé, ó sọ̀ kalẹ̀. Diệp kí i.

"Ẹ káàárọ̀, Ọ̀jọ̀gbọ́n."

"Ẹ káàárọ̀ o. Ṣé ẹ ti múra tán?"

"Mo ti múra, sà."

Ó wo aago, ó wo iná, ó wo Jonte, ó sì rọra gbé kẹ̀kẹ́ rẹ̀ dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara rẹ̀, òun náà ń dúró de iná. Odidi ọ̀jọ̀gbọ́n! Aago mẹ́wàá ku ìṣẹ́jú mẹ́ta, bí òun pẹ̀lú bá sì dúró síbí títí, ìdánwò kò ní sí. Omi ti lé ròrò lójú Diệp, ọmọ tó ń fi ẹsẹ̀ la àárín ẹgbẹ̀rún ọ̀kadà kọjá.

Mo ní ó tó. Mo yí kẹ̀kẹ́ ọmọ padà, kí Jonte kọ ẹ̀yìn sí iná. "Ó yá, ọmọ ò rí yín mọ́. Ẹ jẹ́ ká lọ!"

Wọ́n wo Ìyáàfin Tiedemann. Ìyá náà wo ojú fèrèsé gbogbo, lọ́kọ̀ọ̀kan. "Ó dáa," ló wí, "ṣùgbọ́n kíákíá."

La bá sọ̀ sójú títì, èmi ń fi ẹ̀yìn fa kẹ̀kẹ́ ọmọ. Ohun tí ẹnì kankan nínú wa kò rántí ni pé iná mìíràn wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí a ti kúrò, ó kọjú sí àwọn tó ń bọ̀ láti òdìkejì. Pupa ni òun náà. A dé àárín títì gẹ́lẹ́ ni Jonte kígbe:

"Pupa! Pupa! Pupa!"

Ẹ wá wo eré! Ọ̀jọ̀gbọ́n ń sá, kẹ̀kẹ́ ológeere ń gbá a lẹ́sẹ̀. Ìyáàfin Tiedemann gbé ọ̀pá sábẹ́ abíyá, ó ń sáré bí ẹni ogún ọdún. Diệp nìkan ni kò sáré. Ó ṣáà ń rìn, wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, bíi ti ìyá rẹ̀ pẹ̀lú ẹyin. Òun àti ọ̀jọ̀gbọ́n wọlé, aago mẹ́wàá lù.

Ó yege. Ó ní ọ̀jọ̀gbọ́n ṣì ń mí hẹlẹhẹlẹ nígbà tó béèrè ìbéèrè kẹta. Ọdún rẹ̀ kò ṣòfò, ìyá rẹ̀ sunkún ayọ̀ lórí fóònù, a jẹ kéèkì.

Lọ́sàn-án, ẹnìkan kan ilẹ̀kùn. Ìyáàfin Tiedemann ni, ohùn rẹ̀ kò ròkè rárá.

"Wiebke, ti àárọ̀ yẹn... ọmọ náà kò kúkú lóye rẹ̀, àbí?"

Jonte gbójú sókè láti orí kéèkì. Ó na ṣíbí sí ìyá àgbà.

"Pupa," ló wí.