Ẹ Má Sọ Alága Kalẹ̀

Bí ẹ bá rí ọkùnrin kan nínú ọkọ̀ ojú irin S-Bahn ní Wilhelmsburg láàárọ̀ ọjọ́ Sọ́ńdè, tó gbé àpò jẹ́sì kọ́ èjìká ọ̀tún, tó so àwọ̀n bọ́ọ̀lù mọ́ ti òsì, tó fi eyín di tíkẹ́ẹ̀tì mú, ẹ bá mi kí i. Wàhábì ni, alága ẹgbẹ́ bọ́ọ̀lù àwọn ọmọ Yorùbá ní Hamburg. Alága lórúkọ o! Òun náà ló ń fọ jẹ́sì, òun ló ń tọ́jú kọ́kọ́rọ́, òun ló ń pe rẹfirí, òun ló sì ń wá ẹni tó máa dúró sílé gọ́ọ̀lù tí onílé bá sùn gbàgbé. Bí ẹnikẹ́ni bá ní kí òun ràn án lọ́wọ́, á ní, "Fi sílẹ̀, o ò ní mọ̀ ọ́n ṣe." Múríkátù ìyàwó rẹ̀ ti sọ ọ́ títí ó ti sú u. Inú balùwẹ̀ wọn ni jẹ́sì máa ń gbẹ sí. Tó bá fẹ́ wẹ̀, àfi kó kọ́kọ́ bẹ nọ́ńbà mẹ́sàn-án kó yẹ̀ fún òun.

Àwọn Jámánì ò fi ọwọ́ yẹpẹrẹ mú ẹgbẹ́. Ẹgbẹ́ tó bá ti forúkọ sílẹ̀ lábẹ́ òfin gbọ́dọ̀ máa ṣe ìpàdé gbogbogbòò. Bí Emilia, ọmọ Jámánì tó fẹ́ Níyì tó sì jẹ́ akọ̀wé wọn, ṣe fi ètò ìpàdé ránṣẹ́ sórí WhatsApp nìyẹn. Wàhábì kà á dé ibi kan, àyà rẹ̀ já: "Entlastung des Vorstands."

Ẹ ẹ̀ mọ̀ pé èbúté ni ọkùnrin yìí ti ń ṣiṣẹ́. Ó mọ̀ pé Last ni ẹrù, Lastwagen sì ni ọkọ̀ akẹ́rù. Bí ọ̀gá wọn bá ti pariwo "Entladen!" báyìí, wọn á já gbogbo ẹrù ọkọ̀ sílẹ̀ ni. Ta wá ni wọ́n fẹ́ já sílẹ̀ lọ́tẹ̀ yìí? Vorstand! Alága àtàwọn ìgbìmọ̀ rẹ̀!

"Wọ́n fẹ́ sọ mí kalẹ̀ bí àpò ìrẹsì!"

Hanifat ọmọ rẹ̀ gbójú kúrò lórí fóònù. "Papa, das ist doch gut." Ó ní ohun tó dáa ni.

"Ìwọ náà, Hanifat? Ó dáa?" Ọmọ fẹ́ ṣàlàyé, bàbá ti jáde.

Ó pe Ṣọ̀fíúlláhí, ọ̀rẹ́ rẹ̀ ní Lichtenberg ní Berlin lọ́hùn-ún, tí wọ́n yọ nípò alága ẹgbẹ́ tẹ́níìsì orí tábìlì. "Háà! Bí wọ́n ṣe bẹ̀rẹ̀ tèmi náà nìyẹn! Jí gìrì, ọ̀rẹ́ mi!" Kò sọ pé àìwá sípàdé ló yọ òun o. Ẹni tí wọ́n bá yọ nípò kì í sọ ìyẹn.

Wàhábì jí gìrì lóòótọ́. Ó ń wọlé, ó ń jáde, láti Wilhelmsburg dé Harburg, ó ń bẹ àwọn ọmọ ẹgbẹ́. Ẹ má fi ṣẹ̀sín. Ní èbúté, "ìwọ yẹn" ni wọ́n ń pè é. Orí pápá nìkan ni wọ́n ti ń pè é ní "Alága wa". Tí ìyẹn bá lọ, kí ló kù? "Tí wọ́n bá ní ta ló fara mọ́ Entlastung, ẹ má nawọ́. Tí wọ́n bá ní ta ni kò fara mọ́ ọn, ẹ na méjèèjì!" Gbogbo wọn ṣèlérí. Níyì tiẹ̀ búra, kò sì bi ìyàwó tó ń bá sùn léèrè ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ náà. Ọkùnrin ṣá!

Ọjọ́ ìpàdé pé. Emilia dìde. "Ta ló fara mọ́ Entlastung alága?"

Kò sẹ́ni tó kọ́kọ́ nawọ́. Ni ọwọ́ kan bá gòkè lẹ́yìn. Wàhábì yíjú wò ó: Múríkátù! Ọwọ́ tó fi bu ọbẹ̀ fún un láàárọ̀ ọjọ́ náà gan-an!

"Ta ni kò fara mọ́ ọn?"

Ọwọ́ kún inú yàrá. Níyì na méjèèjì. Wàhábì rẹ́rìn-ín, ó tún fìlà ṣe. Emilia tó ti funfun tẹ́lẹ̀ wá funfun sí i.

"Kí ni alága ṣe fún yín? Entlastung ni kí ẹ sọ pé ó ṣiṣẹ́ dáadáa, pé ẹ ò fẹ̀sùn kàn án, pé ẹrù ọdún tó kọjá ti kúrò lọ́rùn rẹ̀. Ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ pé ẹ ò fọkàn tán an ni!"

Ariwo ta. "Alága, ẹ̀yin náà lẹ ní ká má nawọ́!"

"Yéè! Àfọwọ́fà mi rèé o!" Ojú ti Wàhábì débi pé kò mọ ibi tó máa wò. Ó bá wo ìyàwó rẹ̀. "Múríkátù, àṣé ìwọ nìkan lo mọ ìtumọ̀ ẹ̀?"

"Èmi kẹ̀? Ohun tẹ́ ẹ sọ fún gbogbo ayé lèmi náà gbọ́, pé wọ́n fẹ́ sọ yín kalẹ̀. Mo ní kí wọ́n tètè bá mi sọ yín kalẹ̀. Èjìká yín ò dọ́gba mọ́, Bàbá Hanifat. Ẹ̀yìn ń dùn yín, ẹ̀ ń kérora lójú oorun. Ta lẹ fẹ́ kí n sọ ọ́ fún?"

Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín. Wàhábì fọwọ́ kan èjìká ọ̀tún, ó fọwọ́ kan ti òsì. Òótọ́ ni obìnrin náà sọ.

Wọ́n dìbò míì, gbogbo ọwọ́ gòkè, Wàhábì ṣì ni alága. Nígbà tí ìpàdé tú, ó bẹ̀rẹ̀ kó gbé àpò jẹ́sì bó ṣe máa ń ṣe. Kò bá a níbẹ̀. Níyì ti gbé e kọ́ èjìká, ó ti ń lọ sẹ́nu ọ̀nà.

"Níyì! Fi sílẹ̀, o ò ní mọ̀..."

Múríkátù wò ó. Wàhábì gbé ọ̀rọ̀ tó kù mì.

"Omi tútù," ló wí, "omi tútù ni kó o fi fọ̀ ọ́."