Ọkọ̀ Aláwọ̀ Ewé Ẹ̀gbọ́n Bàbá Mi

Òórùn ọ̀dà ọkọ̀ máa ń dá mi padà sí àdúgbò Fájuyì, sí ọ̀sán tí bàbá mi ní kí wọ́n kun ọkọ̀ Amẹ́ríkà ẹ̀gbọ́n wọn ní funfun, kí ẹ̀gbọ́n lè bá a ní tuntun tí wọ́n bá ti Kánò dé. Èmi ni mo lẹ ìwé ìròyìn mọ́ gíláàsì. Àwọ̀ ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ àti ìlà wúrà méjì orí bọ́nẹ́ẹ̀tì pòórá.

Ẹ̀gbọ́n dé, wọ́n rọra yí ọkọ̀ náà ká, wọ́n fi ìka tọ ibi tí ìlà wúrà wà tẹ́lẹ̀ lórí bọ́nẹ́ẹ̀tì.

"Ṣé ó wù yín, ẹ̀gbọ́n mi?"

"Ó mọ́. O ṣeun, àbúrò."

Èmi tó ń kó irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ jọ lónìí ti wá mọ̀ pé díẹ̀ ni wọ́n ṣe ní àwọ̀ yẹn.

Bí ẹ̀gbọ́n ti wọlé, bàbá mi lóṣòó ti ilẹ̀kùn ọkọ̀, wọ́n ń fi èékánná họ ọ̀dà funfun, wọ́n ń wá àwọ̀ ewé.