Má Dáhùn, Tẹmómítà Wà Lẹ́nu Rẹ

Mo ti kọjá ọgọ́rin ọdún. Ìdílé apẹja l'Ọ́jọ́ ni a ti bí bàbá mi, ìyá mi sì jẹ́ ọmọ Ẹ̀gbá. Àwọn méjèèjì ló kọ́ mi pé ẹni tí àgbà bá kí tí kò dáhùn, a kò tọ́ ọ. Ẹ̀kọ́ yìí ni mo fi tọ́ àwọn ọmọ mi, òun náà ni mo sì fi kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi. N kò mọ̀ pé ọjọ́ kan ń bọ̀ tí èmi fúnra mi yóò fi ọwọ́ bo ẹnu ìyàwó ilé kí ó má baà dá àgbà tó kí i lóhùn.

Okokomaiko ni à ń gbé nígbà náà, láàárín àwọn ọdún 1990. Ìyàwó ọmọkùnrin mi àbígbẹ̀yìn ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ, ara rẹ̀ kò sì yá. Nọ́ọ̀sì kan tí a jọ ń gbé ilé, tí ó ń ṣiṣẹ́ n'Íbà, mú tẹmómítà tuntun wá, irú èyí tí ó ń lo bátìrì, tí nọ́ńbà ń hàn lójú rẹ̀. Ó fi í sábẹ́ ahọ́n ìyàwó, ó ní kí ó pa ẹnu dé títí yóò fi dún, ó sì jáde lọ fọ ọwọ́.

Kò pẹ́ tí ẹ̀gbọ́n ọkọ mi obìnrin fi ti Ajangbadi dé.

"Ìyàwó wa, o kú ewu ọmọ o!"

Ìyàwó yọ tẹmómítà. "Ẹ ṣé mà." Ó dá a padà.

"Ọmọ ńkọ́?"

Ó tún yọ ọ́. "Ó ń sùn, mà."

Bẹ́ẹ̀ ni ó ń yọ ọ́, tí ó ń dá a padà, títí ẹ̀rọ náà fi dún. Nọ́ọ̀sì wọlé, ó wò ó: ó lé díẹ̀ ní mẹ́rìndínlógójì.

"Ara ti balẹ̀, mà. Kò sí ibà."

A dúpẹ́. Mo gbé ọwọ́ lé ìyàwó lọ́rùn láti kí i kú oríire. Háà! Ó gbóná bí ìkòkò orí iná. Ó sì ń gbọ̀n lábẹ́ aṣọ méjì nínú ooru ọ̀sán.

"Nọ́ọ̀sì, tún un wọ̀n. Ó ń yọ ọ́ lẹ́nu láti dáhùn nígbà tí o jáde."

Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi rẹ́rìn-ín. "Ìwọ tísà yìí! Ọwọ́ rẹ àti ẹ̀rọ òyìnbó, èwo ni ká gbà gbọ́?"

Nọ́ọ̀sì tún fi í sábẹ́ ahọ́n ìyàwó, mo sì kọjú sí i. "Pa ẹnu dé. Ẹni yòówù kó kí ọ, má dáhùn."

"Èmi náà ńkọ́? Ìyàwó, mo ní o kú ewu o!"

Ojú ìyàwó ń bẹ̀ mí. Ètè rẹ̀ ti fẹ́ ṣí. Mo fi àtẹ́lẹwọ́ bò ó.

"Ẹ̀ẹ́! Èmi lo ṣe báyìí sí, lójú ìyàwó àná?" Wọ́n dìde, wọ́n ń tún gèlè wé láti máa lọ. Ẹ̀rọ dún.

Nọ́ọ̀sì wò ó, ó tún un wò. Mo gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ti kọjá ogójì.

Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi tí ń bínú lọ, àwọn gan-an ló sáré dé ojú títì Badagry lọ dá mọ́tò dúró, gèlè lọ́wọ́. Dókítà ní àrùn ti wọ inú ilé ọmọ. Bí a bá ti sùn lé ọpẹ́ tí a dá yẹn, ẹ̀pa kì bá bóró mọ́.

Nígbà tí ibà náà fi í sílẹ̀, tí ó lajú lórí bẹ́ẹ̀dì, mo rò pé yóò béèrè ọmọ. Ó ní, "Màmá, ẹ bá mi bẹ̀ wọ́n. Wọ́n kí mi, mi ò dá wọn lóhùn."

Èmi tí mo fi ọgbọ̀n ọdún kọ́ni ní ìwà, èmi ni mo dìde lọ bẹ ẹ̀gbọ́n ọkọ mi.