Èéfín Ewé Obì Lójú Agbami

Ọpẹ́ mi kọ́kọ́ di ti Ọlọ́run Ọba, ẹni tí kò fi mí ṣe oúnjẹ ẹja. Ilé-kéú ni mo ti kọ́ bí a ṣe ń dúpẹ́, ṣùgbọ́n òkun ló jẹ́ kí n mọ ìdí rẹ̀.

Obì ni ìdílé wa ń tà ní Ṣàgámù. Lọ́dún kan, ẹ̀gbọ́n mi gbọ́ pé obì ń tà dáadáa ní Gàbọ́ọ̀nù. Ó lọ ra obì ní Akaka, a fi ewé tútù dì í sínú apẹ̀rẹ̀ bí a ṣe máa ń ṣe, a sì gba Kútọnu wọ ọkọ̀ apẹja kan. Kò sí ìwé ìrìnnà lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni nínú wa.

Ẹ́ńjìnnì kú lójú agbami. Omi ń wọlé, à ń gbọ́n ọn, kò tán. Ọkọ̀ ńlá kan ń kọjá lókèèrè. A fi aṣọ juwọ́ sí i, a ké, kò yà. Nígbà tí òmíràn yọ, mo ní kí a da ewé obì sórí ẹyín iná tí awakọ̀ fi ń se oúnjẹ, nítorí kò sí ọmọ olóbì tí kò mọ bí ewé tútù ṣe ń rú èéfín. Ẹ̀gbọ́n mi di apẹ̀rẹ̀ mú. Ó ní obì tí kò sí ewé lára rẹ̀ yóò gbẹ, pé gbogbo ohun tí òun ní láyé nìyẹn.

Awakọ̀ wò ó. "Alàájì, ta lẹ fẹ́ tà á fún nísàlẹ̀ omi, ṣé ẹja?"

Ẹ̀gbọ́n mi fúnra rẹ̀ ló tú apẹ̀rẹ̀ àkọ́kọ́. Èéfín funfun gòkè, ó ki. Ọkọ̀ náà ṣì ń lọ. A tú òmíràn. Omi ti dé orúnkún wa kí a tó rí i pé imú ọkọ̀ náà ń yí bọ̀ sọ́dọ̀ wa.

Bí wọ́n ṣe fà wá gòkè tán, ọkọ̀ wa rì tòun ti obì. Ẹ̀rù mìíràn sì dé. A ti gbọ́ pé àwọn kan máa ń da ẹni tí kò ní ìwé padà sómi. Ọ̀gá ọkọ̀, òyìnbó, ń wò wá láìrẹ́rìn-ín. Ẹ̀gbọ́n mi dọ̀bálẹ̀, ó jẹ́wọ́ pé a kò ní ìwé. Alásè wọn, ará Gánà tó ti gbé Èkó rí, ló ń túmọ̀.

"Ó ní kí ẹ dìde. Ó ní òfin òkun ni pé ẹni tó ń kú lọ nínú omi, a ó kọ́kọ́ yọ ọ́ ná. Ibi tó ti wá, a óò bi í tó bá yá."

Ẹ̀gbọ́n mi bú sẹ́kún. Obì kan ṣẹ́kù lápò rẹ̀. Ó fi ọwọ́ méjèèjì gbé e fún ọ̀gá náà. Òyìnbó gé e jẹ, ojú rẹ̀ fún pọ̀, àmọ́ kò tu ú.

Ẹ̀yin tó ń ka èyí, lọ́jọ́ tí ẹ bá rú èéfín tiyín, kí Ọlọ́run má jẹ́ kí ẹni tó rí i kọjá lọ. Àmín.