Ọfà Tí Kò Yẹ Kí Bàbá Àgbà Ta

Ọsán ọrun ti dé ẹ̀bá etí bàbá àgbà. Mo ń gbọ́ bí igi ọrun náà ṣe rọra ń dún bí ilẹ̀kùn tí ẹnìkan ń fẹ̀sọ̀ ṣí, mo sì ń gbóòórùn ìda oyin tí wọ́n fi pa ọsán náà ní ìrọ̀lẹ́ àná. Níwájú wa, láàárín igi obì méjì, àgbọ̀nrín kan dúró. Ó kẹ̀yìn sí wa, ó ń já ewé jẹ, etí rẹ̀ ń gbọ̀n nítorí eṣinṣin. Mo di ẹnu mi mú, mò ń retí kí ọfà fò. Bàbá àgbà kò ta á. Wọ́n dẹ ọsán padà díẹ̀díẹ̀, wọ́n yọ ọfà kúrò lórí rẹ̀, wọ́n sì tì í bọ inú apó. Àgbọ̀nrín náà gbórí sókè, ó wo apá ọ̀dọ̀ wa, ó sì bá tirẹ̀ lọ.

Ọmọ ọdún mẹ́wàá ni mí nígbà náà. Bàbá tó bí màámi ni bàbá àgbà tí mò ń sọ yìí. Abúlé oko kan tí kò jìnnà sí Ìjẹ̀bú-Ìmùṣin ni àwọn àti màmá àgbà ń gbé. Àgbẹ̀ ni wọ́n, àwọn náà ló sì ń lu agogo ṣọ́ọ̀ṣì abúlé láràárọ̀ Sọ́ńdè. Màámi wà lórí bẹ́ẹ̀dì ọsibítù ní Ìjẹ̀bú-Òde láti bí oṣù kan. Nígbà tí ilé-ìwé gba ìsinmi Kérésìmesì, bàbá mi rí i pé àwọn ò lè máa tọ́jú aláìsàn kí wọ́n tún máa tọ́jú mi, ni wọ́n bá gbé mi lọ sí oko.

Ọdẹ pọ̀ lágbègbè náà. Ìbọn ni gbogbo wọn ń lò, wọ́n á sì de tọ́ọ̀ṣì mọ́ iwájú orí bí ilẹ̀ bá ti ṣú. Bàbá àgbà nìkan ló ṣì ń lo ọrun. Wọn kì í ṣọdẹ òru rárá. Wọ́n ní ojú ẹran nìkan ni iná ń fi hàn, kì í fi ara rẹ̀ hàn, ẹni tí kò sì rí ara ẹran kò mọ ibi tí òun ń ta. Àárọ̀ kùtù ni wọ́n máa ń jáde, nígbà tí ìrì ṣì wà lára koríko, tí ewé gbígbẹ ò tíì lè pariwo lábẹ́ ẹsẹ̀. Bí wọ́n bá padà dé, màmá àgbà á ti dáná sábẹ́ agbada, òórùn gàrí yíyan á ti gba gbogbo àgbàlá. Màmá àgbà ò jẹ́ béèrè bóyá wọ́n rí nǹkan pa. Ọwọ́ bàbá àgbà ni wọ́n á kọ́kọ́ wò, wọ́n á sì bomi fún wọn mu.

Lọ́jọ́ tí wọ́n kẹ̀yìn sí àgbọ̀nrín àárọ̀ yẹn, inú bí mi. Mo béèrè lójú ọ̀nà ìdí tí wọn ò fi ta á. Ìgbà tí a délé ni wọ́n pè mí síbi tí wọ́n so ewúrẹ́ dúdú màmá àgbà mọ́, wọ́n gba ṣọ́ọ̀kì tí mo fi ń ṣeré lọ́wọ́ mi, wọ́n sì fi kun àmì kan sí ẹ̀yìn apá ewúrẹ́ náà, kò tóbi ju àtẹ́lẹwọ́ mi lọ. Wọ́n ní abẹ́ ibẹ̀ ni ọkàn àti ẹ̀dọ̀fóró wà. Bí ọfà bá wọ ibẹ̀, ẹran ò ní sáré jìnnà kó tó ṣubú, ìrora rẹ̀ ò sì ní pẹ́. Bó bá wọ ibòmíràn, Ọlọ́run nìkan ló mọ iye ọjọ́ tí yóò fi kú.

Wọ́n wá tú okùn ewúrẹ́. Bó bá ti yíjú, wọ́n á bi mí bóyá ó yẹ kí n ta á. Bó bá kọjú sí mi, àmì ti sá pamọ́, mo ní kí n má ta. Bó bá kẹ̀yìn, bẹ́ẹ̀ náà ni. Bó bá fẹ̀gbẹ́ hàn ṣùgbọ́n tí ẹsẹ̀ iwájú rẹ̀ bo àmì, mo ní kí n dúró kó gbésẹ̀. Nígbà tó fẹ̀gbẹ́ hàn tán, tí ẹsẹ̀ ti lọ síwájú, mo pariwo pé kí n ta á, wọ́n mi orí, wọ́n ní ó ti gbọ́ ohùn mi. Ẹran tó bá ti fura á fò kí ọfà tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Gbogbo ọjọ́ náà ni ewúrẹ́ ń gbé àmì funfun kiri àgbàlá, màmá àgbà sì ń kùn pé a ti sọ ewúrẹ́ àwọn di pátákó ilé-ìwé.

Ní ọjọ́rú ni bàbá mi wá. Wọ́n ní dókítà á dá màámi sílẹ̀ lọ́jọ́ Ajé, ṣùgbọ́n oúnjẹ ò wọlé sí wọn lẹ́nu. Ohun kan ṣoṣo tí màámi dárúkọ ni ọbẹ̀ àgbọ̀nrín tí bàbá wọn máa ń gbé wálé nígbà tí wọ́n wà ní kékeré. Bàbá àgbà gbọ́. Lálẹ́ ọjọ́ náà, mo rí wọn níbi tí wọ́n ti ń fi òkúta pọ́n ẹnu ọfà, tí wọ́n ń fi irun ọwọ́ ara wọn dán an wò.

Ọjọ́bọ̀, a ò rí ẹran. Lọ́jọ́ Ẹtì, a lúgọ sẹ́yìn òkìtì ọ̀gán kan nítòsí odò. Oòrùn ti fẹ́ yọ nígbà tí àgbọ̀nrín kan jáde, abo ni, awọ rẹ̀ pupa bí ilẹ̀ ibẹ̀. Ó dúró. Iwájú ló kọ sí wa, ó kàn fẹ̀gbẹ́ díẹ̀, igbó sì bo ìdajì ara rẹ̀. Bàbá àgbà fa ọsán, wọ́n dúró. Àgbọ̀nrín náà ò kúrò, kò sì yí. Ó pẹ́ títí apá bàbá àgbà fi ń gbọ̀n. Mo mọ̀ pé wọ́n ti fẹ́ dẹ ọsán. Mo mọ̀ pẹ̀lú pé ọjọ́ Ajé ti dé tán. Mo fi ẹnu kan etí wọn.

"Bàbá, nítorí màámi."

Ọfà lọ. Ìró tí mo gbọ́ dà bí ìgbà tí ènìyàn fi ọwọ́ lu ẹní tútù. Àgbọ̀nrín náà ká ara jọ, ó ká ẹ̀yìn rẹ̀ bí ẹni tí inú ń run, ó sì wọ igbó lọ. Mo fò sókè láti sáré tẹ̀ lé e. Bàbá àgbà fa aṣọ mi, wọ́n jókòó sórí ilẹ̀ tútù, wọ́n ṣí fìlà. Àwọ̀ ojú wọn ti yí padà.

Nígbà tó yá, wọ́n lọ mú ọfà. Ó ti la ara ẹran náà kọjá. Wọ́n gbé e sí imú, wọ́n sì gbé e sí imú tèmi náà. Òórùn ewé tí ẹran jẹ ló ń rùn, pẹ̀lú imí.

"Ikùn ni," ni wọ́n wí.

Wọ́n ní a ò gbọdọ̀ tẹ̀ lé e kíá, torí bó bá gbọ́ ẹsẹ̀ wa, á fi ìrora náà sá lọ jìnnà. A jókòó títí oòrùn fi dé àárín orí. Lẹ́yìn náà a wá bẹ̀rẹ̀ sí í wá ẹ̀jẹ̀. Ẹ̀kán kan lórí ewé kókò, dúdú, ó ti ń gbẹ. Òmíràn lára gbòǹgbò. Ibi tí kò ti sí ẹ̀jẹ̀, wọ́n á kúnlẹ̀ wo bí koríko ṣe tẹ̀. Ní ẹsẹ̀ odò la ti pàdánù ipa rẹ̀. Ilẹ̀ ń ṣú, wọ́n mú mi délé.

Láàárọ̀ Sátidé, kí n tó jí, wọ́n ti lọ. Àṣálẹ́ ni wọ́n tó dé lọ́wọ́ òfo, ẹ̀gún ti fa ẹsẹ̀ wọn ya. Wọn ò jẹun. Màmá àgbà bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n fi í sílẹ̀, pé ẹran ìgbẹ́ ni, yóò ti kú. Wọ́n ní àwọn ò tíì rí igún lójú ọ̀run, nítorí náà kò tíì kú.

Láàárọ̀ Sọ́ńdè, ẹlòmíràn ló lu agogo. Gbogbo ìjọ ló mọ̀, torí bó ṣe lù ú yàtọ̀. Mo jókòó ti màmá àgbà, mi ò sì gbọ́ ọ̀rọ̀ kan nínú ìwàásù. Ọ̀sán ni bàbá àgbà dé. Ẹrẹ̀ dé orúnkún wọn. Nínú àbàtà kan, láàárín igi ọ̀gọ̀rọ̀, ni wọ́n ti bá a, ó dùbúlẹ̀, ó ṣì ń mí. Ó gbìyànjú láti dìde nígbà tó rí wọn. Ọ̀bẹ ni wọ́n fi parí ìrora rẹ̀. Wọn ò gbé e wálé. Wọ́n ní ẹran tó jẹ irú ìyà bẹ́ẹ̀ fún ọjọ́ mẹ́ta, àwọn ò lè gbé e síwájú aláìsàn. Wọ́n gbẹ́ ilẹ̀, wọ́n sin ín.

Lọ́jọ́ Ajé, màmá àgbà pa àgbébọ̀ adìyẹ kan, wọ́n sè é pẹ̀lú ata díẹ̀, bàbá mi sì wá gbé e lọ fún màámi. Màámi jẹ ẹ́. Wọ́n jẹ ẹ́ tán, wọ́n tún béèrè sí i, láti ọjọ́ náà sì ni ara wọn ti ń yá. Nígbà tí bàbá mi wá jíṣẹ́ yìí fún wa, gbogbo ilé dúpẹ́. Èmi lọ sẹ́yìn ilé, mo sunkún.

Ibẹ̀ ni bàbá àgbà ti bá mi. Mo jẹ́wọ́ fún wọn pé èmi ni mo fà á, pé bí mi ò bá sọ̀rọ̀, wọn ì bá má ta á. Wọ́n jókòó tì mí. Wọn ò sọ pé kì í ṣe bẹ́ẹ̀, bí àgbàlagbà ṣe máa ń parọ́ fún ọmọdé. Wọ́n ronú sí i.

"Òótọ́ ni, o sọ̀rọ̀," ni wọ́n wí. "Ṣùgbọ́n mo mọ̀ pé kò yẹ ní títa, mo sì ta á. Ẹni tí ọrun wà lọ́wọ́ rẹ̀ ló ni ọfà, ọmọ mi."

Wọ́n tún mú mi lọ sí igbó nígbà ìsinmi tó tẹ̀ lé e. Ẹran mẹ́ta ni mo rí tí wọ́n jọ̀wọ́ rẹ̀ kó lọ, ọ̀kan ṣoṣo ni wọ́n ta, ó sì ṣubú kí n tó mí lẹ́ẹ̀mejì. Wọn kò kìlọ̀ fún mi kí n má sọ̀rọ̀. Mo rò pé ìyẹn ni wọ́n fi dárí jì mí. Mo wà ní ilé-ẹ̀kọ́ olùkọ́ni nígbà tí wọ́n kú.

Èmi ni ọ̀gá ilé-ìwé girama kan báyìí. Lọ́dún díẹ̀ sẹ́yìn, àwọn òbí kó ara wọn wá sí ọ́fíìsì mi pé kí n lé ọmọbìnrin kan tó jalè, kí n fọwọ́ sí ìwé tí a ó fi lé e lójú wọn. Wọ́n pọ̀, wọ́n ń bínú, àwọn olùkọ́ mi pàápàá ń fi ojú sọ fún mi pé kí n ṣe é kí ariwo lè tán. Ohun tí mo rí nínú ọ̀rọ̀ náà kò tó ìdajì. Mo ní kí wọ́n fún mi ní ọ̀sẹ̀ kan. Wọ́n bú mi kí wọ́n tó lọ.

Ọmọ náà jẹ̀bi, ó jẹ́wọ́ fún mi fúnra rẹ̀. Ó tún sọ ẹni tó ń rán an jalè fún mi, àgbàlagbà kan nínú ilé tó ń gbé, àti ohun tí ẹni náà máa ń ṣe fún un bó bá kọ̀. Mo fìyà jẹ ẹ́ níwọ̀n tó tọ́ sí i, mo sì wá ibòmíràn tó lè máa gbé. Ọjọ́ tí ó jáde ìwé mẹ́wàá, ó wá kí mi, ó kúnlẹ̀. Mi ò sọ fún un pé mo fẹ́rẹ̀ẹ́ fọwọ́ sí ìwé náà lọ́jọ́ yẹn. Bíírò ti wà lọ́wọ́ mi.