Meirion Méjì, Fáìlì Kan

Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni Eluned Pugh fi se oúnjẹ fún àwọn ọmọ ilé ìwé Nant Hesgin, kò sì sí ọjọ́ kan tí ọmọ tí ẹyin kì í bá lára mu jẹ ẹyin lọ́wọ́ rẹ̀. Ó lẹ ìwé kan mọ́ ara ògiri ilé ìdáná, ó kọ orúkọ ọmọ kọ̀ọ̀kan sí i, ó sì kọ ìnagijẹ ilé wọn sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Ní abúlé tí ìdajì ènìyàn ti ń jẹ́ Pugh, tí ìdajì yòókù sì bá wọn tan, ẹni tó bá fi orúkọ nìkan pín oúnjẹ yóò pa ọmọ ọlọ́mọ lọ́jọ́ kan.

Ní àárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan, ọkọ rẹ̀ ṣubú sáàárín tòmátì. Meirion Onífèrè ni wọ́n ń pe ọkọ yìí, nítorí ẹgbẹ́ onífèrè abúlé tó ti wà nínú rẹ̀ láti ìgbà èwe. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ láti bomi rin igi tòmátì nínú ilé onígíláàsì ẹ̀yìnkùlé, bó ṣe ní kí òun dìde, ojú rẹ̀ ṣókùnkùn. Ilẹ̀ ni Eluned bá a, ẹ̀jẹ̀ díẹ̀ ń jáde níwájú orí rẹ̀.

"Kò sí nǹkan kan," Meirion wí. "Òòyì lásán ni. Bó ṣe ń ṣe mí láti ọjọ́ Ẹtì nìyẹn."

"Láti ọjọ́ Ẹtì? O wá dákẹ́?"

"Mi ò fẹ́ yọ ẹ́ lẹ́nu ni."

Eluned ràn án lọ́wọ́ wọlé, ó fọ orí rẹ̀, ó sì lọ wo páálí oògùn. Hóró funfun kan ṣoṣo ni Meirion ń lò láràárọ̀ fún ẹ̀jẹ̀ ríru, láti ọdún mẹ́sàn-án. Hóró funfun wà níbẹ̀, àmọ́ oríṣi méjì mìíràn ti bá a wọlé lọ́jọ́ Ẹtì, ọ̀kan pupa rẹ́súrẹ́sú, ọ̀kan bí àwọ̀ ìyeyè. Orúkọ Meirion ló wà lára gbogbo wọn, àdírẹ́sì rẹ̀ náà sì wà níbẹ̀.

"Mo rò pé wọ́n kàn fi kún un ni," Meirion wí. "Dókítà mọ ohun tó ń ṣe."

Eluned pe apòògùn. Apòògùn ní ohun tí dókítà kọ ránṣẹ́ ni òun fún un. Kí Meirion má fẹnu kan àwọn tuntun yẹn mọ́, kí wọ́n sì pe dókítà kíá. Eluned pe ilé dókítà. Ẹ̀rọ sọ fún un pé òun ni ẹni kẹrìnlá lórí ìlà, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í kọrin sí i létí. Nígbà tó di ẹni kẹta, ìlà já. Ó tún pè, ó di ẹni kọkàndínlógún. Ó gbé fóònù sílẹ̀ jẹ́jẹ́, nítorí pé fóònù kò ṣẹ̀ ẹ́, ó bẹ aládùúgbò kí ó jókòó ti Meirion, ó kó páálí oògùn sínú báàgì, ó sì jáde sínú òjò.

Nerys ló wà nídìí tábìlì àbáwọlé ilé dókítà. Eluned ti bu oúnjẹ fún un nílé ìwé fún ọdún méje gbáko.

"Ẹ káàárọ̀ o, Àǹtí Eluned. Ẹ sọ ọjọ́ ìbí Àǹkù Meirion fún mi."

"Nerys, ṣebí ìwọ lo jẹ kéèkì ọjọ́ ìbí ẹ̀ lọ́dún tó kọjá. Ègé méjì lo jẹ."

"Mo mọ̀, mà. Ẹ̀rọ ni ò mọ̀. Àfi kẹ́ ẹ fẹnu yín sọ ọ́."

Eluned sọ ọ́. Nerys tẹ kọ̀ǹpútà, ó sì kawọ́ mọ́ àyà. "Àánú Àǹkù ṣe mí o. Wọ́n kọ ọ́ síbí pé ọkàn wọn ò lágbára mọ́, pé wọ́n lo ọjọ́ mẹ́fà ní ilé ìwòsàn ńlá lóṣù tó kọjá."

"Lóṣù tó kọjá? Etí òkun ní Llandudno la wà. Ó ń lá áísìkiriìmù, ó ń bá àwọn ẹyẹ jà." Eluned rántí ẹni tí wọ́n fi ọkọ̀ pàjáwìrì gbé lọ lóṣù tó kọjá, tí òun náà ń jẹ́ Meirion Pugh. "Nerys, Meirion Alágùntàn nìyẹn!"

Nerys fọwọ́ bo ẹnu. "Àǹtí, mi ò gbọ́dọ̀ sọ̀rọ̀ aláìsàn mìíràn fún yín."

"Òun náà ni," bàbá arúgbó kan wí láti orí àga. "Ọ̀dọ̀ wa lajá ẹ̀ sùn fún ọjọ́ mẹ́fà. Ó jẹ bàtà mi."

"Bí oògùn ẹ̀ bá wà lọ́wọ́ ọkọ mi," Eluned wí, "kí ló wà lọ́wọ́ òun alára? Ṣé ó rí oògùn gbà?"

"Mi ò lè sọ, mà. Fọ́ọ̀mù ẹ̀sùn rèé. Ẹ kọ ọ́ dáadáa, wọ́n á fún yín lésì láàárín ọgbọ̀n ọjọ́ iṣẹ́."

"Ọgbọ̀n ọjọ́! Kí wọ́n gbé èsì náà lé orí pósí ẹ̀, àbí?"

Síbẹ̀, ó jókòó, ó kọ ọ́, nítorí pé obìnrin tó fẹ́ràn ètò ni. Ó kọ déètì, ó kọ wákàtí, ó kọ àwọ̀ oògùn. Níbi tí wọ́n ti béèrè ohun tó fẹ́ kí wọ́n ṣe, ó kọ ọ́ gàdàgbà pé: *Ẹ fún Meirion Alágùntàn ní oògùn rẹ̀ lónìí.*

Ọ̀gbẹ́ni Prosser, máníjà, jáde wá gba fọ́ọ̀mù náà. Ó fi ọ̀wọ̀ kà á tán. "Ó dùn wá, mà, pé ó rí bẹ́ẹ̀ lójú yín. Àmọ́ kò sẹ́ni tó ń jẹ́ Alágùntàn nínú ìwé wa."

"Ó wà níbẹ̀ láyé Dókítà Vaughan. Yíǹkì pupa ló fi ń kọ ìnagijẹ sórí káàdì oníkálukú."

"Bẹ́ẹ̀ ni. Nígbà tá a kó o sórí kọ̀ǹpútà la yọ ọ́. Kò bójú mu kí ilé dókítà máa pe èèyàn ní Alágùntàn. Ọjọ́ ìbí la fi ń dá wọn mọ̀ báyìí."

"Ta ló wá wo ọjọ́ ìbí nígbà tí lẹ́tà ilé ìwòsàn dé?"

Ọ̀gbẹ́ni Prosser wo fọ́ọ̀mù náà bí ẹni pé ìdáhùn wà níbẹ̀. Eluned fa àga sáàárín ọ̀nà, ó jókòó, ó gbé báàgì lé orí itan. "Mi ò kúrò níbí. Ẹ lè máa gba orí mi kọjá."

Ìlẹ̀kùn yàrá kan ṣí, Dókítà Sandhu yọjú, ọ̀dọ́bìnrin tí kò tíì pé ọdún kan lábúlé. Ó gba páálí oògùn lọ́wọ́ Eluned, ó tẹ kọ̀ǹpútà Nerys lẹ́ẹ̀mejì, ojú rẹ̀ sì yí padà.

"Àṣìṣe wa ni, mà," ó wí. "Èmi ni mo fọwọ́ sí i. Fáìlì ọkọ yín ni wọ́n fi lẹ́tà ilé ìwòsàn ẹnì kejì sí, èmi náà ò sì yẹ̀ ẹ́ wò. Ẹ má bínú. Kó padà sí ẹyọ hóró funfun kan láti ọ̀la, màá wá wò ó nílé lálẹ́ òní." Ó yíjú sí Nerys. "Ẹnì kejì, pè é. Mo gbọ́dọ̀ rí i báyìí."

Fóònù dún títí, kò sẹ́ni tó gbé e.

"Inú ọkọ̀ ẹ̀ ló máa ń fi fóònù sí," Eluned wí, "òun á sì wà lókè pẹ̀lú àwọn àgùntàn."

Nerys mú kọ́kọ́rọ́ mọ́tò. Ọ̀gbẹ́ni Prosser ní kò bá òfin mu kí Eluned tẹ̀ lé e. Eluned ní òun kò tẹ̀ lé ẹnikẹ́ni; òun kàn fẹ́ kí Nerys gbé òun sílé, bí ó bá sì gba orí òkè lọ, ìyẹn kò kan òun.

Wọ́n bá Meirion Alágùntàn lórí ògiri òkúta ọgbà ẹran. Ó jókòó, okùn bàtà rẹ̀ méjèèjì tú sílẹ̀ nítorí pé ẹsẹ̀ rẹ̀ ti wú, ó sì ń mí bí ẹni tó sáré.

"Meirion, oògùn rẹ dà?" Eluned bi í.

"Wọ́n ní ilé dókítà á fi ránṣẹ́. Mo ń dúró ni."

"Láti ìgbà wo?"

"Èyí tí wọ́n fún mi nílé ìwòsàn tán ní… ọjọ́ mẹ́jọ sẹ́yìn? Mo mọ̀ pé iṣẹ́ pọ̀ lọ́wọ́ wọn. Mi ò fẹ́ yọ wọ́n lẹ́nu."

Eluned gbójú sókè wo ọ̀run. Abúlé kan wà láyé yìí tí àwọn ọkùnrin ibẹ̀ yóò kú tán kí wọ́n má baà yọ ẹnì kan lẹ́nu. "Dìde, ọkùnrin yìí. Wọnú mọ́tò."

"Jẹ́ kí n kọ́kọ́ fún àwọn àgùntàn lóúnjẹ."

"Àwọn àgùntàn sanra jù ẹ́ lọ. Wọlé!"

Wọ́n tì í wọ ẹ̀yìn mọ́tò. Eluned jókòó tì í, ó sì mú fọ́ọ̀mù kejì jáde nínú báàgì.

"Kí nìyẹn?"

"Ẹ̀sùn tìrẹ. Ìwọ máa sọ, èmi á máa kọ."

Meirion Alágùntàn ronú títí mọ́tò fi dé ìsàlẹ̀ òkè. "Kọ ọ́ pé mo dúpẹ́ pé wọ́n rán ọmọ yìí wá, àti pé—"

"Meirion! Ẹ̀sùn là ń kọ, kì í ṣe ìwé ọpẹ́."

"Ó dáa," ó wí, ó sì tún mí kanlẹ̀. "Kọ ọ́ pé ọjọ́ mẹ́jọ ti pọ̀ díẹ̀."

Eluned kọ ọjọ́ mẹ́jọ. Kò kọ díẹ̀.